Ìyá Wùmí Nínú Omi Ọ̀jọ́

Líìdì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, 1989

Bàbá mi àti Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé Bàbá ni yóò ka lẹ́tà yìí sókè, tí Màmá á sì máa sọ pé, "Ẹ rọra kà á, ta ló ń lé yín?" Bàbá mi, ẹ rọra kà á lóòótọ́ lónìí, torí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ara mi ti ń yá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú kíṣìnnì ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òróró gbígbóná dà sí mi lápá òsì, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá mi dúró síbẹ̀. N kò kọ ọ́ sí yín nígbà náà torí mo mọ̀ pé Màmá kò ní jẹun.

Ọjọ́ tí òróró dà sí mi kọ́ ló le jù. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣí báńdéèjì láti fọ ojú egbò ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí mo bá ti gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn rẹ̀ bọ̀ ni mo ti ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi ń mú mi bì, kò sì ká ìrora náà. Ìgbà tó yá, wọ́n pe dókítà obìnrin kan wá, ìyá àgbà tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun fẹ́ fi ràn mí lọ́wọ́. Hipinọ́sìsì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Èmi ń pè é ní oorun ọ̀rọ̀.

Ó ní kí n tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, kí n máa mí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí ìpéǹpéjú mi fi wúwo. Mi ò sùn o. Mò ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì, mò ń gbọ́ òjò lára fèrèsé. Ó ní kí n yan ibi kan tí omi tútù wà, tí ọkàn mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀, kí n lọ síbẹ̀ nínú ọkàn mi. Ibo ni mo tún fẹ́ yàn? Mo lọ sí etí omi Ọ̀jọ́, níbi tí Màmá máa ń kó wa lọ láàárọ̀ Sátidé láti fọ sùtánà gbogbo ilé nígbà tí ẹ̀rọ omi kò tíì dé Ìbà. Mo rí Màmá nínú omi náà, omi mù ún dé orúnkún, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo pè é. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi dà sí mi lára, ó ní, "Wùmí, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tutù." Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí dókítà ní kí n lajú, wọ́n ti fọ egbò tán, wọ́n ti di báńdéèjì tuntun, n kò sì pariwo rárá. Ẹnu ya èmi fúnra mi.

Màmá, kókó tó wà nínú ọmú yín ńkọ́? Ẹ ní ó tó èkùrọ́. Ẹ sì ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ni ọsibítù dá fún yín láti wá yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yẹ ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ sí wa létí níbí ni pé bí a bá tètè yọ irú rẹ̀, ó máa ń tán síbẹ̀.

Bàbá mi, bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi àdín díẹ̀ rán an sí mi. Mo fẹ́ máa fi pa ojú àpá náà.

Èmi ọmọ yín,
Ọláwùmí


Ìbà, lọ́nà Ọ̀jọ́, Èkó
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 1989

Ọláwùmí ọmọ mi,

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà ní Okokomáíkò, mò ń rán kọ́là sùtánà, nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà rẹ wá. Orí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó.

A dúpẹ́ pé apá nìkan ni. Ìyá rẹ sunkún, ó sì bú ọ díẹ̀ pé o fi ọ̀rọ̀ iná pamọ́ fún òun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá a bú ọ. Àdín wà nílẹ̀, a ń wá ẹni tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni mo kà yìí? Obìnrin kan tí o kò mọ ìyá rẹ̀, tí o kò mọ bàbá rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ sí ọ lára títí ojú rẹ fi wúwo, ìwọ náà sì jókòó tì í? Ìwọ tí a bí ní Ìbà, tí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàṣírù fọkánáísà. O wà nílé lọ́dún tí àwọn gbájúẹ̀ méjì pàdé rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, tí wọ́n kàn bi í léèrè ọ̀nà, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, tó gbé rédíò rẹ̀ àti pọ́ọ̀ǹpù táyà rẹ̀ fún wọn, tó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni wọ́n fi mú un, wọn kò lù ú.

Dá mi lóhùn. Ǹjẹ́ ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí? Ǹjẹ́ ó fún ọ ní nǹkan jẹ? Ǹjẹ́ o bọ́ bàtà kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Ta ló sì jókòó tì ọ́ tó ń kọ ohun tí o rí sílẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ mí lógún jù. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ìran ní ìjọ wa. Bí ẹ̀mí bá gbé ènìyàn, èmi ni mò ń jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ọ̀rọ̀ kan má baà bọ́ sílẹ̀. Mo mọ bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti kọjá sí ibòmíràn ṣe ń rí. Ẹni tí ara rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Líìdì, tí wọ́n ń fọ egbò rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lára, tí ojú rẹ̀ sì wà ní Ọ̀jọ́, ìran ni ẹni náà rí. Ìbáà jẹ́ òyìnbó ló rán an lọ, ìran ni.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìran, mo sì gbé e fún Alùfáà Adéníjì. Àná tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n kà á. Alùfáà ní kí ìyá rẹ wọ àbò, kó máa gbé nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fún ogójì ọjọ́ lábẹ́ àdúrà, kí irin kankan má sì kan ara rẹ̀ títí ewu náà yóò fi kọjá. Nítorí náà, a ti yẹ ọjọ́ tí wọ́n dá ní ọsibítù.

Má padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn mọ́. Èyí tí o rí ti tó.

Bàbá rẹ,
Joseph Májẹ́kódùnmí,
Akọ̀wé Ìran


Líìdì
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 1989

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọjọ́ kejìlá ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí lẹ́tà yín tó dé. Lórí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé ni mo ti kà á, ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí títí onílé fi wá bi mí bóyá ẹnìkan kú.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Kò gbé ọwọ́ lé mi lórí. Tíì ọsibítù nìkan ni mo mu. Bàtà mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí pé kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ kọ.

Bàbá mi, kì í ṣe ìran. Dókítà ló ní kí n wá omi. Ká ní igbó ló ní kí n wá ni, igbó ni n bá rí. Èmi fúnra mi ni mo fi Màmá sínú omi náà, torí àárò rẹ̀ ń sọ mí, mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi mú ọwọ́. Mo túmọ̀ lẹ́tà yín fún dókítà náà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún yín pé ohun tí ènìyàn bá rí nínú oorun ọ̀rọ̀, ọkàn ẹni náà ló hun ún. Ó ní a kì í fi ṣe ẹ̀rí, áḿbọ̀sìbọ́sí kí a fi sọ ọjọ́ iwájú. Ìrora, ẹ̀rù, àìrí oorun sùn, ìwọ̀nyí ni òun ń fi bá ènìyàn jà.

Ti Bàṣírù kọ́ sì nìyí. Ní ọjọ́ kẹta, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, òǹgbẹ gbẹ mí. Mo lajú, mo ní mo fẹ́ mu omi, ó gbé omi fún mi. Ta ló bi àwọn gbájúẹ̀ bóyá òǹgbẹ ń gbẹ Bàṣírù? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ rere ni obìnrin yìí ń sọ, òun ló sì yọ mí nínú ìrora.

"Kí irin má kan ara rẹ̀." Gbólóhùn yẹn ni n kò lè gbé mì. Irin ọsibítù ni yóò yọ ohun tó wà lára Màmá. Kókó kò mọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí yàrá, ibi tó bá wù ú ló ti ń dàgbà. Ẹ mú Màmá padà lọ, ẹ gba ọjọ́ mìíràn. Mo bẹ yín lórí ìkúnlẹ̀.

Ọmọ yín,
Ọláwùmí


Líìdì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, 1989

Bàbá mi,

Lẹ́tà kẹta rèé láìrí èsì kan. Èmi tí mo máa ń rojọ́ pé lẹ́tà yín ń gùn jù, ẹyọ gbólóhùn kan ni mò ń wá báyìí. Ṣé Màmá ti lọ sí ọsibítù? Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ dáhùn.

Ọláwùmí


Ìbà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 1989

Wùmí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Mo wà láàyè o, jókòó dáadáa kí o tó kà á. Ọláfúnkẹ́ ló ń bá mi kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá tó kángun sí tiwa. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi nínú àbò. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má fi ìmọ̀wé kankan kún un. Bàbá rẹ kò mọ̀ sí i.

Gbogbo lẹ́tà rẹ ló ń dé. Bàbá rẹ ń kà wọ́n, á ká wọn sínú Bíbélì. Tí mo bá bèèrè, á ní o kí mi. Ṣé kíkí nìkan ni ọmọ mi ń kọ? Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá gbẹ́nu sókè, a kì í rí àyè dáhùn.

Ogójì ọjọ́ àbò pé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ti di ẹrù mi. Bàbá rẹ ló lọ bẹ Alùfáà pé kí wọ́n fi ogójì mìíràn kún un. Ó yà mí lẹ́nu, torí pé òun náà ló máa ń rojọ́ pé òun ò rí ọbẹ̀ jẹ. Mo ní kí ló dé, ó ní ewu náà kò tíì kọjá. Ó ti rù. Tó bá wá kí mi, kì í wò mí lójú, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Kókó náà ti tó ẹyin awó báyìí. Awọ tó wà lórí rẹ̀ ń súnkì wọnú. Kò dùn mí, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ìwọ náà kò sì ṣe dáadáa, Wùmí. Bó bá jẹ́ pé irú ìran bẹ́ẹ̀ ni o rí sí ìyá rẹ, ṣé inú lẹ́tà ló yẹ kí o kó o sí?

Mo ní kí Ọláfúnkẹ́ lọ wo ìwé ìran lórí tábìlì tí wọ́n gbé e sí, kó dà á kọ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí wọ́n kà sí gbogbo ìjọ létí nìyí: "Ọmọbìnrin náà rí ìyá rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń rìn lọ sínú omi ní Ọ̀jọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá náà kò dáhùn, kò sì bojú wẹ̀yìn, títí omi fi bò ó mọ́lẹ̀."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni o ṣe rí i? Èmi ò mọ̀wé, ohun tí wọ́n bá kà fún mi ni mo mọ̀. Fi èsì rán sí Ọláfúnkẹ́ ní yunifásítì, àdírẹ́sì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Obìnrin dókítà yẹn, ǹjẹ́ ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà? Mo kàn bèèrè ni o.

Ìyá rẹ,
Christiana


Líìdì
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, 1989

Bàbá mi,

Abọ́lá ọmọ Ọ̀jọ́ tó ń kàwé níbí ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì. Òun ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan. Mo ní kó fi lé ẹ̀yin gan-an lọ́wọ́, kó sì dúró tì yín títí ẹ ó fi kà á tán. Màmá ní kí n fi èsì rán sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí pé ó kọ̀wé sí mi.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ìran. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kọ́kọ́ rò pé iná ló pa ọpọlọ mi rẹ́, pé èmi ni n kò rántí ohun tí mo kọ. Bàbá mi, ẹ mú lẹ́tà mi ti oṣù Kẹsàn-án jáde nínú Bíbélì. Ẹ wo ojú ìwé kejì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pe Màmá, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi dà sí mi lára. Omi mù ún dé orúnkún. Níbo ni ẹ ti rí omi tó bò ó mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹ nà mí torí pé mo fi ọ̀rọ̀ kan kún iṣẹ́ tí ẹ rán mi sí Alùfáà. Ẹ ní ẹni tó bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ti di ẹni tó rán ara rẹ̀. N kò gbàgbé. Ta ló wá rán yín ní èyí?

N kò ní kọ̀wé sí Alùfáà Adéníjì. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Màmá ní kókó náà ti tó ẹyin awó. Inú ń bí mi sí yín débi pé n kò lè sunkún, mo sì ń bẹ̀rù pé nǹkan kan wà tí n kò mọ̀, torí pé bàbá tí mo fi sílẹ̀ kò lè ṣe irú èyí lásán.

Ti Màmá ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn mi ló wà nínú rẹ̀. Dókítà náà kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ọ́, ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n tẹnu mọ́ ọn fún yín pé ọ̀rọ̀ kì í yọ kókó o. Ẹ̀rù nìkan ni ó wà fún, ọ̀bẹ ọsibítù ni yóò ṣe ìyókù. Bí wọn kò bá mú Màmá lọ, kásẹ́ẹ̀tì náà kò wúlò fún ohunkóhun.

Ọmọ yín síbẹ̀síbẹ̀,
Ọláwùmí


Ìbà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kìíní, 1990

Ọláwùmí ọmọ mi,

Ojú ń tì mí láti kí ọ, nítorí náà n kò ní kí ọ pẹ́. Ìyá rẹ wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Abọ́lá jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí mo fi ka lẹ́tà rẹ tán. Ó bi mí bóyá ó lè máa lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà láti òkè. Ó pẹ́ kó tó dìde.

O ní nǹkan kan wà tí o kò mọ̀. Ó wà. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Àmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún yín rí. Ní ọdún 1968, inú ń run ún ní Abẹ́òkúta, dókítà ní àwọn yóò fi ọ̀bẹ la inú náà. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n lọ jẹun. Ní aago méjì wọ́n gbé e jáde, wọ́n ti bo ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀, oògùn oorun tí wọ́n fún un ni ara rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ló fọwọ́ sí i, Wùmí, ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ yìí.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹsàn-án dé, ìwé tí ọsibítù ní kí ọkọ fọwọ́ sí wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti ń gbé e kiri. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ka ibi tí o ti rí ìyá rẹ nínú omi, mo sì mú bírò láti dà á kọ. Nígbà tí mo dé ibi tó ti bojú wẹ̀yìn, bírò mi kò gba ibẹ̀. Ó gba ibòmíràn. Mo rí i bó ti ń gba ibòmíràn, n kò sì dá a dúró. Èmi tí mo ti lé akọ̀wé kékeré méjì kúrò lórí ìjókòó nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló ní kó má lọ, kì í ṣe èmi ló ní kó má lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé Kérésìmesì, mo dúró níwájú ìjọ, mo ka lẹ́tà rẹ sókè bí o ṣe kọ ọ́, mo sì ka tèmi tẹ̀lé e. Wọ́n pariwo. Alùfáà Adéníjì kò pariwo. Ó wò mí títí, ó ní, "Joseph, èmi ò lòdì sí dókítà rí. Ìwé rẹ ni mo fi ṣe ìdájọ́." Ó gba ìwé ìran lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ó ní kí n mú ìyàwó mi lọ sí ọsibítù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó gbóná. Mo mú un lọ.

Dókítà tẹ ọmú náà, ó tẹ abẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ló ní ní oṣù Kẹwàá, kókó nìkan ni àwọn ì bá yọ. Ní báyìí, gbogbo ọmú náà ni yóò lọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá rẹ ló di apá mi mú. Mo fọwọ́ sí ìwé náà.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí ni wọ́n ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ara ìyá rẹ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́ṣaléwá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní bó bá wà lókè bẹ́ẹ̀, wọn yóò dá a padà sílé. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ jáde. Rédíò Bàṣírù ni mo yá, tuntun tó rà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó ní, "Bàbá Wùmí, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní gbé rédíò yìí náà lọ ṣá?" Nọ́ọ̀sì ní kí n yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn rẹ. O ní kí ìyá rẹ máa mí. O ní kó wá sí etí omi, pé òun ló kọ́kọ́ ní kí o ki ọwọ́ bọ omi, ìwọ náà ló kàn láti sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n dákẹ́. Àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì àti ẹ̀kẹta náà dákẹ́. Èmi pàápàá, mo pa ojú dé. Mo rí etí omi Ọ̀jọ́, mo sì rí Àmọ̀kẹ́ níbẹ̀. N kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó ti wálẹ̀. Wọ́n tì í wọlé, mo sì dúró níta láti aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí aago méjì ń sún mọ́, n kò lè wo ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n gbé e jáde, ojú rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Dókítà kò ṣèlérí, ó ní kí a máa padà wá lóṣooṣù, ó ní ká ní a tètè wá ni, òun ì bá sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe sí ìwọ àti ìyá rẹ nìyẹn, n kò ní bẹ̀bẹ̀ kí o gbàgbé rẹ̀.

Bí oògùn oorun ti ń dá lójú ìyá rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò ní ìwé ìran mọ́, ẹ̀yìn páálí kásẹ́ẹ̀tì rẹ ni mo kọ ọ́ sí. Ó ní, "Bàbá Wùmí." Mo ní mo wà níbí. Ó ní, "Kí ìjọ tó gbọ́ ọ ni mo ti ní kí Ọláfúnkẹ́ tún lẹ́tà ọmọ yẹn kà fún mi, torí ẹ máa ń sáré kà á. Mo mọ̀ pé mo bojú wẹ̀yìn. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ohun tí ẹ kọ, mo sì ṣe àmín. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba èmi náà. Ẹ má dá ẹ̀bi náà rù."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò.

Bàbá rẹ,
Joseph